Ọmọ mi pé oṣù mẹ́wàá: ìgbà wo ni kí n tún lóyún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo. Mo pé ọmọ ọdún 34 lóṣù tó kọjá. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé oṣù 10, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Ó ṣì ń mu ọmú, ó sì ti ń jẹ ògì àti àmàlà díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n tètè lóyún òmíràn, pé ọjọ́ orí ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi bí mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin, ó ní òun ti bí tòun tán, òun ti sinmi. Mùsùlùmí ni wá, ọkọ mi ní Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ, pé kò yẹ ká máa kà á. Ọmọ mẹ́ta ni èmi náà fẹ́. A ò lo nǹkan kan, torí mò ń fún ọmọ lọ́mú, nǹkan oṣù mi ò sì tíì padà. Ọdún mélòó ló yẹ kó wà láàárín wọn? Ìyá Ìkókó, Olúwo.

Ìdáhùn: Ìyá Ìkókó, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí, á sì wò ó.

Kí n tó dáhùn ohun tí o bi mí, ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó ká mi lára ju ìbéèrè náà lọ. O ní ẹ ò lo nǹkan kan torí ò ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ mi, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ìwọ kọ́ lò ń yan àlàfo, ara rẹ ló ń bá ọ yàn án.

Lóòótọ́, ọmú máa ń dá oyún dúró. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé jọ kó tó ṣeé gbára lé: kí nǹkan oṣù má tíì padà, kí ọmọ má tíì pé oṣù 6, kí ó sì jẹ́ pé ọmú nìkan lọ́mọ ń mu tọ̀sán-tòru, kò sí ògì, kò sí omi. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, bí méjì ni yóò lóyún láàárín oṣù mẹ́fà yẹn. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ nínú wọn, kò sí ààbò mọ́. Tìrẹ, méjì ti yẹ̀: ọmọ ti pé oṣù 10, ó sì ti ń jẹun. Èyí tó kù ni pé nǹkan oṣù ò tíì dé, ìyẹn gan-an ló sì ń tan àwọn obìnrin jẹ. Ẹyin obìnrin máa ń jáde kí ẹ̀jẹ̀ tó wá. Bí ẹyin àkọ́kọ́ yẹn bá pàdé ọkùnrin, o ò ní rí ẹ̀jẹ̀ kankan rárá, oyún lo máa rí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí, mi ò lè ka iye olómọ ọwọ́ tó jókòó síwájú mi tó ní, "Nọ́ọ̀sì, nǹkan kan ń rìn nínú mi, mo rò pé aràn ni." A ó yẹ̀ ẹ́ wò, oyún oṣù márùn-ún.

Torí náà, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ya ilé ògùn, ra ohun ìdánwò oyún, kí o fi ìtọ̀ àárọ̀ kùtù ṣe é. Bó bá jáde pé kò sí nǹkan kan, tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì máa lo rọ́bà títí ìgbà yẹn. Bó bá jáde pé oyún ti wà, lọ ka ìparí ìwé yìí kí o tó ka àárín rẹ̀.

Ó yá, àlàfo. Èrò tèmi fún ìwọ tí o kọ̀wé yìí ni pé kí o má ṣe lóyún kí ọmọ yìí tó pé ọdún kan ààbọ̀. Bó bá lè sún mọ́ ọdún méjì, ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Kíyè sí i pé oyún ni mo wí, n kò wí pé ọmọ bíbí. Ọjọ́ ìbí sí ọjọ́ ìbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà. Àwa máa ń kà á láti ọjọ́ tí o bí èyí tó wà lọ́wọ́ títí di ọjọ́ tí òmíràn dúró nínú rẹ. Ní ọdún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé kó àwọn onímọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí obìnrin tó bímọ láàyè dúró fún oṣù 24, ó kéré tán, kó tó tún wá oyún. Fi oṣù mẹ́sàn-án oyún kún un, wàá rí i pé ọdún mẹ́ta dín oṣù mẹ́ta ló máa wà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá wí fún pé "ọdún méjì" tó wá lọ lóyún nígbà tí ọmọ pé ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, ó ti ṣì í kà.

Kí nìdí tí mo fi mẹ́nu ba ọdún kan ààbọ̀? Àpá inú rẹ ni. Ibi tí wọ́n là lára ilé ọmọ nígbà iṣẹ́ abẹ kì í jinná lọ́jọ́ tí ti ara ìkùn jinná. O lè máa gbé agbọ̀n ẹja láti etí omi láì ní ìrora kankan, kí àpá inú má tíì le. Bí ìbí kejì bá tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ kí oṣù 18 tó pé, ewu pé ilé ọmọ lè ya lójú àpá nígbà ìrọbí máa ń pọ̀ sí i. Ìbí sí ìbí ni wọ́n ka èyí, èmi fi àyè kún un kí àpá lè le dáadáa. Bó bá sì ya, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún ìyá àti ọmọ. Mo ti rí i rí. N kò fẹ́ rí i mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀. Oyún kan ṣoṣo máa ń gba bíi mílígíráàmù 1,000 irin lára obìnrin, ẹ̀jẹ̀ tó sì ṣòfò lójú abẹ máa ń ju ti ẹni tó bí fúnra rẹ̀ lọ. Kí ara tó kó o padà, ó ń gba oṣù púpọ̀, pàápàá fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú tí kò sì ráyè jẹun títí ọjà fi tú. Obìnrin tó bá lóyún nígbà tí àpò irin rẹ̀ ṣófo, ọmọ rẹ̀ lè dé kí oṣù tó pé, ó sì lè kéré. Nígbà tí o bá dé sẹ́ńtà ìlera, sọ pé kí wọ́n yẹ PCV rẹ wò, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe tó. Bó bá wà lábẹ́ 33, má tíì rò ó láti lóyún, kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ná. Mo sì mọ ìṣe àwa oníṣòwò: òbòkún tó tóbi, àrọ̀ tó sanra, ti oníbàárà ni, ohun tó bá kù ni à ń sè. Jọ̀ọ́, máa mú ọ̀kan tó dára sílé lójoojúmọ́. Lọ ọ́ sínú ògì ọmọ náà.

Ẹnu ọ̀rọ̀ gan-an la wá dé yìí, ìyẹn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ara ìyá ni gbogbo èèyàn ń sọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún ọ, ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀.

Mo ti di nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó gba ìwé ẹ̀rí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, síbẹ̀ oṣù 11 ni ọmọ náà wà nígbà tí mo lóyún àbúrò rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà sọ fún mi nígbà náà ni pé ọmú aboyún kò dára fún ọmọ, pé yóò máa yàgbẹ́, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ó pé oṣù 14, mo fún ewúro, mo fi omi rẹ̀ pa orí ọmú. Ó sún mọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe, ó fẹnu kàn án, ó yọ ọ́. Kò sunkún. Ó wò mí lójú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kékeré nu ọmú náà, ó nù ún dáadáa bí ẹni ń nu àwo, ó sì tún fẹnu sí i. Ó tún korò. Ó wá gbórí lé mi láyà, ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó fọn débi pé ẹ̀wù ọdún Iléyá ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́, kílò 2.1 ló wọ̀n. Ọlọ́run yọ wá, àwọn méjèèjì ti di bàbá ọmọ lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tó fi yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmú aboyún kì í ṣe májèlé. N kì bá tí fi ewúro pa á.

O ti gbọ́ nípa kwashiorkor, tí ẹsẹ̀ ọmọ máa ń wú, tí irun rẹ̀ máa ń pọ́n. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn láàárín ọdún 1930 sí 1935, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí. Ó bi àwọn ìyá ibẹ̀ ní orúkọ àìsàn náà, orúkọ tí wọ́n pè é ní èdè Gã ló sì gbé lọ fún gbogbo ayé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Àwọn ìyá yẹn ti mọ ohun tó ń fa á kí dókítà tó dé: ọmọ tí wọ́n lé kúrò lórí ọmú kó tó tó àkókò, tí wọ́n wá ń fún ní ògì lásán. Bó o ṣe ní ẹja lọ́wọ́ yìí, ọmọ tìrẹ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmú títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àlàfo tó dára ló sì ń jẹ́ kó rí i mu tẹ́rùn.

Ní ti ọjọ́ orí, ìyá ọkọ rẹ kò parọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún 24 ni ìwọ, ọdún mẹ́ta gbáko ni ǹ bá sọ, n ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọdún 35, oyún kì í tètè dúró mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, tó bá sì fi di 37, 38, ó túbọ̀ ń ṣòro sí i. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá oyún nígbà tí ọmọ yìí bá pé oṣù 20, tí o sì rí i kó tó pé ọdún méjì, wàá bí èkejì kí o tó pé 36 tàbí nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e. Tún fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀kẹta yóò dé kí o tó pé 39. Ọmọ mẹ́ta tí o fẹ́ ṣì bọ́ sí i. Ohun tí kò sí àyè fún ni àlàfo ọdún márùn-ún, èyí tó sì ju ọdún márùn-ún lọ ní ewu tirẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún máa ń padà wá bí ẹni pé obìnrin ò tíì bímọ rí. Má sì gbàgbé pé Yorùbá ni wá. O lè ṣètò fún ọ̀kan kí Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ dé.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà, ọdún 2018 ló jáde, wọ́n yẹ oyún tó tó 150,000 wò. Nínú àwọn obìnrin tó ti lé ní ọdún 35, àwọn tó lóyún ní oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn ìbí, méjìlá nínú ẹgbẹ̀rún ló kú tàbí tó ṣàìsàn tó le gan-an. Àwọn tó dúró di oṣù 18, márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ni. Àwọn olùwádìí náà ní oṣù 12 sí 18 ló dára jù fún àwọn obìnrin ibẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ̀ pé àgbà obìnrin náà nílò àlàfo, pé ọjọ́ orí kì í ṣe ìdí láti kánjú. Ṣùgbọ́n Kánádà kì í ṣe Ẹ̀pẹ́. Ibà kì í jẹ ẹ̀jẹ̀ tiwọn, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí wọn lára kì í jìnnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fà ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọdún méjì.

Báyìí, àwọn èèyàn rẹ. Lọ́jọ́ tí inú ìyá ọkọ rẹ bá dùn, jókòó tì í, kí o bi í jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bí àbúrò Bọ̀dá, ọmọ ọdún mélòó ni Bọ̀dá fúnra wọn?" Bó bá jẹ́ bí ìran wọn ṣe ṣe é ni, ọdún mẹ́ta lo máa gbọ́. Nígbà náà, obìnrin tó bá bímọ kì í padà sórí ibùsùn ọkọ títí ọmọ yóò fi rìn, tí yóò fi já lẹ́nu ọmú. Ẹni tó bá lóyún lé ọmọ lọ́wọ́, ìtìjú ni fún un láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀. Wọ́n gbà pé àtọ̀ máa ń ba omi ọmú jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó dára, ó dá ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ sí. Àwa lónìí ti jáwọ́ nínú sísùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Àárín méjèèjì yẹn gan-an ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà báyìí. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí kì í ṣe àṣà àjèjì tó o fẹ́ kó wọlé wọn. Àwọn ni wọ́n ni ín, ohun èlò rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ, mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bí mẹ́ta lọ́dún mẹ́rin tó yè ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jà. Àwọn tí kò yè kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn. Ìsinmi tó sì sọ, kó dúró di ọdún tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọkọ rẹ ní Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ. Àmín, bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹ jọ ṣí Súrátù Bàkárà, ẹsẹ 233: àwọn ìyá yóò fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ pé e. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ka ọdún yẹn. Ẹsẹ kan náà sì sọ pé bí bàbá àti ìyá bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan àti ìjíròrò àwọn méjèèjì. Ìjíròrò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Má dá lọ sí sẹ́ńtà, mú un dání. Ọkùnrin tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àpá ilé ọmọ láti ẹnu nọ́ọ̀sì, kì í sábà padà dé ilé pẹ̀lú àríyànjiyàn.

Èwo ni kí o lò? Nǹkan bí ọdún kan ni o fẹ́ fi dúró, o ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, o sì fẹ́ kí oyún tètè dúró tó bá yá. Nítorí ìyẹn, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta kọ́ ni màá kọ́kọ́ mú fún ọ. Abẹ́rẹ́ náà dára, kì í ba ilé ọmọ jẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí tí wọ́n gún kẹ́yìn, ó lè tó oṣù mẹ́wàá kí oyún tó dúró, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ló bá ọ mu jù lójú mi. Ọlọ́dún mẹ́ta wà, ọlọ́dún márùn-ún wà, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí o lò ó tán. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ ni wọ́n máa yọ ọ́, ara sì máa ń tètè padà sí ipò. Ó lè da nǹkan oṣù rẹ rú: kí ẹ̀jẹ̀ máa kán tó-tó-tó, tàbí kó má wá rárá. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ búburú ń kó jọ sínú rẹ, bí wọ́n ṣe máa ń sọ lọ́jà. Lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ tún dára, àmọ́ oníkọ́pà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ oṣù pọ̀, torí náà kí wọ́n mọ PCV rẹ kí ẹ tó yàn án. Rọ́bà ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń lò ó nígbà gbogbo, n kò wí pé nígbà tí ẹ bá rántí. Oògùn tí wọ́n ń gbé mì lọ́jọ́ kejì, ti pàjáwìrì ni, kì í ṣe ètò.

Nígbà tó bá ku oṣù kan tàbí méjì kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá oyún, bẹ̀rẹ̀ sí í lo fólíkì ásíìdì. Bí ẹ ò bá tíì mọ jínótáìpù yín, ẹ lọ ṣe é kí èkejì tó wọ inú.

Èyí tó kẹ́yìn ni ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ. Wá a rí. Bí wọn ò bá fún ọ, padà sí ọsibítù tí o bí sí, kí o bèèrè fún un. Bí àpá ara ìkùn rẹ ṣe rí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ nínú: yálà wọ́n là á gbọọrọ ní ìbú nísàlẹ̀, tàbí wọ́n là á lóòró. Àwọn tó máa gbẹ̀bí èkejì nílò rẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ bóyá o lè fúnra rẹ bí, bó sì jẹ́ pé lóòró ni wọ́n là á, wọn kò ní jẹ́ kí o rọbí rárá.

Tó bá wá jẹ́ pé oyún ti wà níkùn báyìí ńkọ́? Má sunkún, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ọ. Má lọ mu àgbo tàbí oògùn kankan láti fi já a. Ọ̀pọ̀ ló bí irú rẹ̀ láyọ̀, ìtọ́jú ni ó fẹ́. Má gba ọmú lẹ́nu ọmọ torí rẹ̀, àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tàbí bí dókítà bá ní kí o dá a dúró. Máa jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta, torí ẹni mẹ́ta lò ń bọ́. Forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó pé, má ṣe lọ bí i nílé. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́, kí wọ́n tó gba ìtọ̀ rẹ, sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí rẹ, pé kò tíì pé ọdún kan, kí o sì na ìwé náà sí wọn.